Further Maths: kí ló fún wa láṣẹ láti fi nọ́ńbà iwájú fẹ́kítọ̀ méjì wéra?

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìsánlú

Òkun o, ẹ̀yin àgbà. Òkun o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Further Maths wà lára ohun tí mo fẹ́ ṣe ní WAEC, orí fẹ́kítọ̀ (ohun tó ní gígùn àti ìhà tó kọjú sí) ni mo sì wà báyìí. Ibì kan wà tí àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ mi máa ń fò kọjá. Wọ́n á gba ọ̀nà méjì dé ojú kan náà nínú onígun mẹ́ta, wọ́n á wá kọ irú ìdọ́gba yìí, tí u àti v jẹ́ fẹ́kítọ̀, tí h àti k jẹ́ nọ́ńbà lásán:

(1 − h)u + (2h/3)v = (k/2)u + (1 − k)v

Lẹ́yìn náà wọ́n á ní ká fi àwọn coefficient wéra, ìyẹn nọ́ńbà tó wà níwájú u àti èyí tó wà níwájú v. Wọ́n á kọ 1 − h = k/2, wọ́n á tún kọ 2h/3 = 1 − k. Bí ìdọ́gba kan ṣe di méjì nìyẹn.

Mo lè ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é, ìdáhùn mi á sì bá ti ẹ̀yìn ìwé mu. Ìdí rẹ̀ ni mo ń wá. Nínú áljẹ́brà, tí wọ́n bá sọ pé 3x + 2y = 5x + y, kò sẹ́ni tó máa torí ẹ̀ sọ pé 3 àti 5 dọ́gba. Kí ló wá mú kí ó tọ́ níbí?

(Mo lo u àti v dípò a àti b, kí ó má baà dàrú mọ́ ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ.)

Olùkọ́ Further Maths, Kàbà

Òkun, ọmọ mi. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, pàápàá àpẹẹrẹ x àti y tí o fi há a, torí inú rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà.

Padà lọ ka orí ìbéèrè tí o ti mú ìdọ́gba yẹn jáde. Wàá rí gbólóhùn kékeré kan níbẹ̀ pé u àti v kì í ṣe párálẹ̀lì, àti pé kò sí èyí tó jẹ́ òdo nínú wọn. Bí wọn ò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé wọ́n ti fún ọ ní onígun mẹ́ta OAB, tí OA jẹ́ u, tí OB jẹ́ v. Ohun kan náà ni, nítorí bí OA àti OB bá wà lójú ìlà kan ṣoṣo, kò sí onígun mẹ́ta níbẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni àṣẹ tí ò ń wá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kà á kọjá bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ni.

Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní p, q, r àti s jẹ́ nọ́ńbà lásán, kí

pu + qv = ru + sv

Kó ohun tó ní u sí apá òsì, kí o kó ohun tó ní v sí apá ọ̀tún:

(p − r)u = (s − q)v

Má tíì sáré kúrò níbí. Apá òsì jẹ́ u tí a fà gùn, tàbí tí a gé kúrú, tàbí tí a yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tó wù kó jẹ́, kò kúrò lójú ìlà u. Apá ọ̀tún náà kò kúrò lójú ìlà v. Fi ọkàn ro oríta kan níbí ní Kàbà: títì kan gba Ọbájánà lọ sí Lọ́kọ́jà, èkejì gba Òmùò wọ Èkìtì. Ẹni tó bá ní òun wà lórí títì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, oríta nìkan ló lè wà. Oríta yẹn ni òdo. Nítorí náà (p − r)u jẹ́ òdo. Wọ́n sì ti sọ fún wa pé u fúnra rẹ̀ kì í ṣe òdo, á jẹ́ pé p − r ló jẹ́ òdo, ìyẹn p = r. Bákan náà ni s = q.

Bí o bá fẹ́ ẹ ní áljẹ́brà pọ́ńbélé: ká ní p − r kì í ṣe òdo. Fi pín apá méjèèjì, wàá rí i pé u = [(s − q)/(p − r)]v. Ìyẹn ń sọ pé u jẹ́ v tí a fi nọ́ńbà kan sọ di púpọ̀, ìyẹn ni pé párálẹ̀lì ni wọ́n. Ìbéèrè ti ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà p − r kò lè ṣe kó má jẹ́ òdo.

Ó wá kan 3x + 2y = 5x + y. Nọ́ńbà lásán ni x àti y, gbogbo nọ́ńbà ló sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo, èyí tí a máa ń fà fún àwọn ọmọ pírámárì. Nọ́ńbà tí kì í ṣe òdo, o lè fi òmíràn sọ ọ́ di púpọ̀ kí o fi dé ibi nọ́ńbà yòówù tí o bá fẹ́. Lọ́nà mìíràn, párálẹ̀lì ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi 3 àti 5 wéra níbẹ̀: x = 1, y = 2 mú kí apá méjèèjì jẹ́ 7.

Fẹ́kítọ̀ náà máa hu irú ìwà yẹn bí a bá gbà kí ó jẹ́ párálẹ̀lì. Mú v = 2u. 3u + v jẹ́ 5u. u + 2v náà jẹ́ 5u. Wọ́n dọ́gba, ṣùgbọ́n 3 kì í ṣe 1, 1 kì í sì í ṣe 2. Máa fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá fẹ́ yá jù.

Ọmọ Ògìdì, 200 level

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí mo rí i láàárín àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì. Àwọn kan gbà pé nítorí pé i àti j (fẹ́kítọ̀ tó gùn ní 1 lójú x àti lójú y) dá igun 90° ni a fi ń fi nọ́ńbà wọn wéra. Igun 90° kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Ibi dot product (ọ̀nà kan láti sọ fẹ́kítọ̀ méjì di púpọ̀ kí ó di nọ́ńbà lásán) ló ti wúlò. Fún ìfiwéra, kódà kí igun àárín u àti v jẹ́ 10°, ó ti tó. 0° àti 180° nìkan ni èèwọ̀. Bí ọ̀kan ṣe gùn ju èkejì lọ náà kò kàn án.

Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà fún yín ní fẹ́kítọ̀ méjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà òkè ti èkíní sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti èkejì di púpọ̀, kí ẹ yọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti èkíní tí ẹ fi òkè ti èkejì sọ di púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá ku òdo, párálẹ̀lì ni. Fún (4, 6) àti (6, 9): 4 × 9 − 6 × 6 = 0, ẹ ò lè fi wọ́n wéra. Fún (4, 6) àti (6, 8): 32 − 36 = −4, ọ̀nà là.

Ìyá Ọlọ́mọ, Ẹ̀gbẹ̀

Òkun o, gbogbo yín. Èmi ò ka Further Maths. Ọmọ mi obìnrin ló ń kà á, òun ló jókòó tì mí bí mo ṣe ń ka ohun tí ẹ kọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ti lọ, wọn ò sì tíì rí òmíràn, àwọn ọmọ náà ló ń kọ́ ara wọn. Ó ní kí n bi yín, kí ló yẹ kí òun kọ gan-an sínú ìdánwò? Ṣé kí òun kọ gbogbo ẹ̀rí tí Olùkọ́ kọ sókè yẹn ni?

Olùkọ́ Further Maths, Kàbà

Òkun, Màmá. Ẹ kú ìdúró ti ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀.

Kò nílò láti kọ gbogbo ẹ̀rí àfi bí ìbéèrè bá ní kí ó fi hàn. Ìlà kan ṣoṣo tó: níwọ̀n bí u àti v kì í ti í ṣe párálẹ̀lì, tí wọn kì í sì í ṣe òdo, nọ́ńbà iwájú u dọ́gba, nọ́ńbà iwájú v náà dọ́gba. Kí ó kọ ìlà yẹn kí ó tó kọ ìdọ́gba méjèèjì. Ẹni tó ń máàkì á rí i pé ó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà á sì rántí láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni.

Kí ó má gbàgbé láti kó gbogbo u jọ sójú kan, gbogbo v jọ sójú kan, ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ó tó fi wọ́n wéra. Bí (1 − h) bá ṣì há sínú bírákẹ́ẹ̀tì mìíràn, kí ó tú u ná.

Ẹ́ńjínnìà, Lọ́kọ́jà

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìbéèrè tí ọmọ Ìsánlú ti mú ìdọ́gba yẹn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọmọ Màmá náà lè rí gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ẹ mú pẹ́ńsù kí ẹ yà á.

Onígun mẹ́ta OAB. OA = u, OB = v. P wà ní àárín gbùngbùn OA. Q wà lórí OB, tí OQ : QB = 2 : 1. Ìlà AQ àti ìlà BP pàdé ní R. Níbo ni R wà?

OP = ½u, OQ = ⅔v.

Ọ̀nà kìíní. Láti O lọ sí A, kí a wá rìn díẹ̀ lójú AQ. Ìrìn láti A sí Q jẹ́ ⅔v − u. A ò mọ bó ṣe pọ̀ tó tí a rìn, nítorí náà a pè é ní h:

OR = u + h(⅔v − u) = (1 − h)u + (2h/3)v

Ọ̀nà kejì. Láti O lọ sí B, kí a rìn díẹ̀ lójú BP, tó jẹ́ ½u − v:

OR = v + k(½u − v) = (k/2)u + (1 − k)v

Ẹ jọ̀ọ́, h àti k. Lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá lo h fún méjèèjì, ohun tí ẹ ń sọ ni pé R pín ìlà méjèèjì ní ìpín kan náà, ìyẹn kì í sì í sábà jẹ́ òótọ́.

R kan náà ni, u àti v kì í ṣe párálẹ̀lì torí pé onígun mẹ́ta ni OAB, nítorí náà:

1 − h = k/2
2h/3 = 1 − k

Ti àkọ́kọ́ fún wa ní k = 2 − 2h. A fi sínú èkejì: 2h/3 = 2h − 1, ìyẹn 4h/3 = 1, h = ¾. Nígbà náà k = ½.

OR = ¼u + ½v

Ẹ fi k wò ó pẹ̀lú: k/2 jẹ́ ¼, 1 − k jẹ́ ½. Ó bára mu. Bí ẹ bá fi h nìkan rí OR tí ẹ ò fi k yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ti fi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ sílẹ̀. Níwọ̀n bí h ti jẹ́ ¾, AR : RQ = 3 : 1. Níwọ̀n bí k ti jẹ́ ½, R wà ní àárín gbùngbùn BP.

Àwọn ọmọ tí kò ní olùkọ́, mo ní ìmọ̀ràn kan. Ẹ máa ṣe irú ìbéèrè yìí ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan gba ọ̀nà AQ, kí èkejì gba ọ̀nà BP, láìwo ìwé ara yín. Ẹ kó o jọ ní ìparí kí ẹ jọ fi nọ́ńbà iwájú wéra. Bí ìdáhùn bá yí padà nígbà tí ẹ fi h àti k sí i, ẹ ti ṣe àṣìṣe níbi tí ẹ ti yanjú ìdọ́gba méjèèjì. Bí h tàbí k bá sì jáde ní nọ́ńbà òdì, ẹ yẹ ojú ọ̀nà yín wò: fún AQ, Q yọ A ni, kì í ṣe A yọ Q.

Ọmọ Mọ̀pà

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ọ̀nà yìí gùn. Èmi á kàn fi O sí (0, 0), A sí (4, 0), B sí (0, 6). P á wà ní (2, 0), Q á wà ní (0, 4). Ìlà AQ jẹ́ x + y = 4, ìlà BP jẹ́ 3x + y = 6. Wọ́n pàdé ní (1, 3). Ó parí.

Ẹ́ńjínnìà, Lọ́kọ́jà

Òótọ́ ni, ó sì bá tiwa mu: ¼ ti (4, 0) jẹ́ (1, 0), ½ ti (0, 6) jẹ́ (0, 3), àpapọ̀ wọn (1, 3). Máa lò ó láti fi yẹ iṣẹ́ rẹ wò, mo fara mọ́ ọn gan-an.

Ṣùgbọ́n onígun mẹ́ta kan ṣoṣo lo ṣe, èyí tí O jẹ́ igun 90° nínú rẹ̀. Ìbéèrè kò sọ irú onígun mẹ́ta tí OAB jẹ́. Bí ẹni tó ń máàkì bá bi ọ́ pé èyí tí igun O jẹ́ 35° ńkọ́, kí lo máa sọ? Padà wo ìdọ́gba h àti k. Gígùn OA kò sí nínú wọn, gígùn OB kò sí, igun kankan kò sí. Ìdí nìyẹn tí ¼ àti ½ fi jẹ́ ti gbogbo onígun mẹ́ta. Ọ̀nà u àti v ló ń fi ìyẹn hàn ọ́. (1, 3) kò fi hàn.

Ọmọ Mọ̀pà

Ó yé mi. Mo tún un ṣe pẹ̀lú B ní (2, 6), R bọ́ sí (2, 3), ¼ àti ½ náà ló ṣì jẹ́.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un, torí àwọn tó ń lọ yunifásítì yóò bá a pàdé.

Òfin yìí jẹ́ ti fẹ́kítọ̀ méjì lójú bébà. Bí wọ́n bá wá fún yín ní mẹ́ta lójú bébà kan náà, ẹ má fi nọ́ńbà iwájú wọn wéra, kódà bí kò bá sí méjì tó jẹ́ párálẹ̀lì nínú wọn. Ẹ mú w = u + v. Kò sí èyí tó bá èkejì lọ nínú u, v àti w. Síbẹ̀ 2u + 2v + w jẹ́ 3u + 3v, u + v + 2w náà jẹ́ 3u + 3v. Wọ́n dọ́gba, nọ́ńbà iwájú wọn kò sì dọ́gba rárá. Ohun tí mẹ́ta ń béèrè ni pé kí wọ́n má wà lójú pẹpẹ kan ṣoṣo, kí ọ̀kan yọrí kúrò nínú bébà. Fẹ́kítọ̀ i, j àti k, tó wà lójú x, y àti z, ṣe bẹ́ẹ̀ (k yìí kì í ṣe nọ́ńbà k ti òkè).

Ẹ ti bá òfin yìí pàdé rí, bí orúkọ rẹ̀ ò tilẹ̀ hàn. Ní surd (nọ́ńbà tó ní irú √2 nínú), bí 3 + 2√2 = p + q√2, ẹ máa ń sọ pé p = 3, q = 2. Ìyẹn tọ́ bí p àti q bá jẹ́ nọ́ńbà odidi tàbí ìdá. Bí a bá gba nọ́ńbà èyíkéyìí láàyè, p lè jẹ́ 3 + 2√2 fúnra rẹ̀ kí q jẹ́ òdo, ìfiwéra yẹn á sì wó. Ẹ̀rí rẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti Olùkọ́: bí q kì í bá ṣe 2, √2 á di ìdá, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ìdá. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ fi nọ́ńbà iwájú wéra, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ni kò jẹ́ kí ọ̀kan di èkejì.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò ní olùkọ́ mọ èyí pẹ̀lú. Hermann Grassmann, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ yìí kalẹ̀, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ní Stettin, ìlú tó wà ní Pólàǹdì lónìí. Kò jókòó kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, ó kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1844, ọdún kan lẹ́yìn tí Hamilton, onímọ̀ ìṣirò ní Dublin, rí quaternion (irú nọ́ńbà kan tó ní apá mẹ́rin). Àwọn ènìyàn díẹ̀ ló ka ìwé náà nígbà náà. Lónìí kò sí yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò tí kò lo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ máa kọ́ ara yín lọ.

Ìyá Ọlọ́mọ, Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Ọmọ mi ti ṣe ìkan nínú ìwé rẹ̀, ó ní kí ẹ bá òun wò ó: 2u + kv jẹ́ párálẹ̀lì pẹ̀lú 6u − 9v, wá k. Ó kọ 2u + kv = t(6u − 9v), ó rí 2 = 6t, t = ⅓, k = −9t, k = −3.

Ọmọ Ògìdì, 200 level

Ó gbà á, Màmá. Ẹ sọ fún un pé kí ó kíyè sí i pé párálẹ̀lì méjì ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Àwọn fẹ́kítọ̀ ńlá méjèèjì jẹ́ párálẹ̀lì, ìyẹn ló fún un ní t. u àti v kì í ṣe párálẹ̀lì, ìyẹn ló jẹ́ kí ó lè kọ 2 = 6t. Kí ó kọ ìdí méjèèjì sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìsánlú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo tẹ̀síwájú láti ibi tí Ẹ́ńjínnìà dúró sí. Mo fa OR gùn títí ó fi kan AB ní S, mo sì wá ìpín tí S pín AB sí.

S wà lójú OR: OS = t(¼u + ½v) = (t/4)u + (t/2)v.
S wà lójú AB: OS = u + m(v − u) = (1 − m)u + mv.

u àti v kì í ṣe párálẹ̀lì, wọn kì í sì í ṣe òdo, nítorí náà 1 − m = t/4, m = t/2. Mo fi wọ́n pọ̀: 1 = 3t/4, t = 4/3, m = ⅔. AS : SB = 2 : 1.

Olùkọ́ Further Maths, Kàbà

Ó tọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Giovanni Ceva, ará Ítálì, tẹ èyí jáde ní 1678: bí ìlà mẹ́ta láti igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lójú kan, tí o bá rìn yí onígun mẹ́ta náà ká tí o sì sọ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, 1 ni wàá rí. Láti O: OP/PA jẹ́ 1, AS/SB jẹ́ 2, BQ/QO jẹ́ ½. 1 × 2 × ½ = 1.

Ní báyìí, gbé P kúrò ní àárín. Jẹ́ kí OP : PA jẹ́ 3 : 1, kí Q dúró síbi tó wà, kí o tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kọ h, k àti OR síbí, a óò jọ wò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3, Ìsánlú

OP = ¾u. 1 − h = 3k/4, 2h/3 = 1 − k. h = ½, k = ⅔. OR = ½u + ⅓v. Mo fi k wò ó, ó bára mu.

Olùkọ́ Further Maths, Kàbà

Ó bára mu lóòótọ́. Ìlà kan ló kù kí o kọ ṣáájú ìdọ́gba méjèèjì, o sì mọ̀ ọ́n.